Edinburgh pẹ̀lú ọmọ méjì àti Màmá

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Leeds la wà. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í gbé ìwé sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, kì í jókòó sójú kan. Màmá mi ti Ìbàdàn dé, àwọn náà fẹ́ jáde. Mo ń ro Dublin tàbí Edinburgh ní oṣù kẹjọ, torí àwọn òǹkọ̀wé tó ti gbé ibẹ̀. Bàbá wọn ní òkúta la fẹ́ lọ náwó wò. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Màmá kú àbọ̀ o. Glasgow làwa wà, ẹnu ọ̀nà wa ni Edinburgh.

Ẹ gbàgbé Dublin ná. Físà Ìlú Ọba tí Màmá gbà kò lè gbé wọn wọ Ireland. Ọ̀tọ̀ ni físà tí Ireland ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ti Scotland, níbi tí Edinburgh wà, kò ní wàhálà, torí abẹ́ Ìlú Ọba náà ló wà.

Oṣù kẹjọ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún rò. Ìgbà náà ni àjọ̀dún ìwé Edinburgh, tó ti wà láti 1983, máa ń bọ́ sí, pẹ̀lú àjọ̀dún eré ìtàgé. Owó òtẹ́ẹ̀lì á fò sókè, ẹsẹ̀ ò sì ní gbèrò ní Royal Mile, òpópónà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Bó bá jẹ́ torí àwọn òǹkọ̀wé tó ń wá bá ọmọdé sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni, ẹ wá láàárọ̀, kẹ́ ẹ padà lálẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìsinmi oṣù kẹwàá sàn jù, àmọ́ kí Màmá wọ kóòtù gidi.

Writers' Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òǹkọ̀wé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ní Lady Stair's Close. Ọ̀fẹ́ ni. Burns, Scott àti Stevenson, àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n kó ẹrù wọn síbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n ti ka Treasure Island ti Stevenson kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ọmọ tí kò bá ka nǹkan kan, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù lásán ló máa rí. Kọ́bọ́ọ̀dù tiẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí tó wà ní yàrá Stevenson nígbà tó wà lọ́mọdé. Deacon Brodie tó kàn án, gbẹ́nàgbẹ́nà iyì ni lọ́sàn-án, olè ni lóru. Wọ́n yẹgi fún un ní 1788. Ẹ sọ ìyẹn fún àbúrò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní dúró. Kó sì ṣọ́ àtẹ̀gùn ilé náà, torí wọn ò ga dọ́gba: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè lè kọsẹ̀ ni. Orúnkún Màmá ò gbọdọ̀ débẹ̀. Kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́ níta, ní Makars' Court, níbi tí wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé sára òkúta ilẹ̀. (Bàbá wọn ò kúkú parọ́.)

Scott Monument, ilé gogoro tí wọ́n fi ń rántí Scott, ń gbowó, àtẹ̀gùn 287 ló ní, ó sì há. Àbúrò á gùn ún dókè; ẹ̀yin lẹ máa mí hẹlẹ.

Ẹ mú wọn kọjá níwájú Yunifásítì Edinburgh pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson ti gboyè ìṣègùn ní 1889. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn tí Samuel kú ní 1901, dókítà yìí ló jókòó, tó fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ. 1921 ló tó jáde. Tẹ́ ẹ bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, Màmá á gbà á lẹ́nu yín, pàápàá tó bá kan ogun Kírìjí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Nínú rélùwéè, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ máa rí òkun lẹ́yìn Newcastle. Waverley lẹ máa sọ̀; orúkọ ìwé Scott ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà. Ẹ gbé kúlà ìrẹsì dání o. Màmá ò ní jẹ haggis, oúnjẹ Scotland tí wọ́n ń fi ẹ̀yà inú àgùntàn sè, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.