Déètì ara páálí kọ́ ni ti oògùn tí a ti po omi mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn wa. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n fún ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta ní amoxicillin, oògùn apakòkòrò oníyẹ̀fun tí a ń po omi mọ́. Ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún tí dókítà sọ, ara rẹ̀ yá, oògùn sì ṣẹ́ kù bí ìdajì ìgò. Mo gbé e sí fíríìjì. Àbúrò rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́wàá, ti ń wúkọ́ báyìí, imú rẹ̀ sì ń ṣomi. Déètì tó wà lára páálí ṣì ku ọdún kan gbáko. Ṣé mo lè fún un níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un.

Ìyẹ̀fun gbígbẹ tí a kò tíì ṣí ni déètì ara páálí wà fún. Gbàrà tí omi bá ti kàn án, òǹkà mìíràn ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 7 sí 14 ni ti amoxicillin nìkan, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi clavulanic acid, èròjà tó ń ran amoxicillin lọ́wọ́, kún kì í ju ọjọ́ 7 tàbí 10 lọ, inú fíríìjì náà sì ni.

Amoxicillin, ọmọ ìyá penicillin, ní òrùka onígun mẹ́rin kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Bakitéríà ní ògiri tó fi yí ara rẹ̀ ká, kì í sì í yé mọ ọ́n. Òrùka yìí ló ń de àwọn èròjà tó dà bíi bíríkìlà ògiri náà lọ́wọ́, títí ògiri á fi sán, tí kòkòrò á sì bẹ́. Ara ọmọ wa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń pa kòkòrò tí kò pa ọmọ. Ṣùgbọ́n omi ń já òrùka náà díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kó yá. Fíríìjì kàn ń fà á sẹ́yìn ni, pàápàá níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Oògùn tí agbára rẹ̀ ti dín á pa àwọn kòkòrò tó rọ̀, á fi àwọn tó gbó sílẹ̀ kí wọ́n máa bí sí i. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní London ní 1928, kìlọ̀ èyí gan-an nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní oṣù Kejìlá ọdún 1945.

Ìgò náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣíbí tí ọmọ ti lá, omi tí a kò sè: ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé nìyẹn. Amoxicillin kò rí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu mú, bẹ́ẹ̀ ni kò ran Pseudomonas, bakitéríà kan tó fẹ́ràn omi.

Bí ẹ bá tún máa po irú oògùn yìí lọ́jọ́ mìíràn, omi tí ẹ sè tó sì ti tutù pátápátá ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ìgò, kí ẹ sì máa mì ín dáadáa kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí iná, ẹ béèrè tábúlẹ́ẹ̀tì amoxicillin 250 mg tó ń yòrò nínú omi, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún òtútù àyà ọmọdé. Kò nílò fíríìjì. Èyí tó wà nílé yẹn, ẹ pò ó mọ́ eérú, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sọ ọ́ sí pàǹtírí. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ti ọmọ tó ń wúkọ́ ló jẹ mí lógún jù. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa ikọ́ òun imú ṣíṣomi, oògùn apakòkòrò kò sì kan fáírọ́ọ̀sì. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa. Nígbà tó bá sùn tàbí tó fara balẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó mí ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá pé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tó ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró ka nǹkan kan; ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.