Èsì: Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni àwọn àtúnbí Amẹ́ríkà ti ń dìbò fún látìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ní 1976, Jimmy Carter, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó sọ ní gbangba pé àtúnbí lòun, ló ń du ipò ààrẹ. Democrat ni, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dìbò fún un. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, wọ́n ti wà lẹ́yìn Ronald Reagan, Republican tó bá Carter du ipò ààrẹ!

Pásítọ̀ Jerry Falwell ti dá Moral Majority, ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn Kristẹni wọ òṣèlú, sílẹ̀ ní 1979. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ nìkan ló fà á, àmọ́ ní 1971 àwọn Southern Baptist, ìjọ onítẹ̀bọmi ńlá àwọn àtúnbí, fúnra wọn fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ nínú àwọn ipò kan. Owó orí tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ wà lára ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú.

Àwọn aláwọ̀ funfun là ń sọ o. Nǹkan bíi 8 nínú 10 wọn ló dìbò fún Trump ní 2016. Àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú, Bíbélì kan náà, halelúyà kan náà, Democrat ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń dìbò fún.

Ní ti ìwà Trump tí ẹ ní ó ń yà yín lẹ́nu, adájọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe pásítọ̀. Ó yan 3, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì wọ́gi lé ìdájọ́ Roe, èyí tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà, ní 2022.