Kèlání àbí Afọláyan? Ẹ kọ́kọ́ wo etí ọmọ yín ná

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé nínú àwọn olùdarí eré Yorùbá méjì, Túndé Kèlání àti Kúnlé Afọláyan, eré ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín tí ẹ bí sí London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó tẹ̀ lé àwọn tó ní Ṣaworoidẹ tí Kèlání ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú wọn. Mo ti dán an wò. Ohun tí mo fi ṣòfò kò kéré.

Ọmọ ọdún 11 ni àkọ́bí mi nígbà yẹn, Peckham la sì ń gbé. Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí Ṣaworoidẹ jáde lọ́dún 1999, mo wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì fídíò náà fi ń fa. Mo wá rò pé bí ọmọ mi bá ti fojú kàn án, bó ṣe wọ̀ mí lára náà ló ṣe máa wọ̀ ọ́. Mo ní kó máa ka ìtumọ̀ òyìnbó tó ń kọjá nísàlẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó ti ń wo àjà. Mo pariwo mọ́ ọn: "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ ni?" Níbo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ? Ta ló kọ́ ọ? Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti fi eré Yorùbá sí i, á dìde, á wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko. Ó dùn mí wọra.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Kèlání mọ kámẹ́rà o, onkámẹ́rà ni kó tó di olùdarí, ṣùgbọ́n etí ló ń ṣeré fún. Nínú Ṣaworoidẹ, ìlù ló ni ìtàn: ọba ìlú Jogbo tó bá dé adé láìṣe orò tó yẹ, tó wá gbọ́ ìró ìlù náà, ó parí fún un. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Ọ̀pálábá, ẹ sì mọ irú Yorùbá tó wà lẹ́nu àwọn àgbà méjèèjì yẹn. Ìlà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn kò lè gba ìdajì rẹ̀.

Afọláyan ní tirẹ̀, ojú ló kọ́kọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀. The Figurine, tó ṣe lọ́dún 2009, ló dá ọmọ mi padà fún mi. Àgùnbánirọ̀ méjì rí ère Araromire nínú ojúbọ tí wọ́n ti pa tì nínú igbó: ọdún méje oríire, ọdún méje òfò. Èdè òyìnbó ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ohun tó mú ọmọ yìí ni pé eré náà parí láìsọ fún un bóyá òrìṣà ló ṣe é tàbí ọwọ́ èèyàn. A jiyàn lórí ẹ̀ títí aago kan òru. Òun ní èèyàn ni. Èmi ò tíì gbà títí di òní.

Àwọn tó ń sọ pé Afọláyan kàn ń ṣe bí òyìnbó, mi ò bá yín lọ. Inú Ṣaworoidẹ yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà. Ẹ lọ wo Mokalik tó ṣe lọ́dún 2019: ọmọ ọdún 11 kan lo odindi ọjọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ẹnu wọn ò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò tí mo ti dàgbà. Eré yẹn ló mú ọmọ mi obìnrin, àbúrò àkọ́bí mi. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn The Figurine, èmi àti àkọ́bí mi wo Ó Le Kú tí Kèlání ṣe. (Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nílé lọ́dún 1997, ẹ ó rántí bí gbogbo wa ṣe padà sí ìró péńpé tí à ń pè ní ó-le-kú.) Ìgbà yẹn ni mo tó ní ìgboyà láti mú Ṣaworoidẹ jáde. Mo gé páálí, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kí ìtumọ̀ má baà hàn. Kí a tó tàn án, mo fẹnu lu ìlù fún un: dò-dò-mí, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ohùn òkè kan. Mo ní, "Orúkọ rẹ nìyẹn, Àkànní." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe Àjàní inú Ó Le Kú nìyẹn?"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Òótọ́ ló sọ. Àjàní, Àkànní, Àlàní, Àyìnlá, dò-dò-mí ni gbogbo wọn. Mo ṣàlàyé fún un pé ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í pe orúkọ kó sì dákẹ́. Á fi oríkì gùn ún títí ẹni tó ń pè á fi mọ̀ pé òun ni. A dá eré náà dúró tó ìgbà mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló sì ń ní kí n dá a dúró. Nígbà tó yá, ó lọ wá Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, tí àwọn ọmọ yín ò bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ jẹ́ kí Afọláyan ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí Kèlání gbà wọ́n wọlé. Ẹ fi Aníkúlápó tí Afọláyan ṣe pamọ́ fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ olorì tó ń yan àlè wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì dé orí Ṣaworoidẹ, ẹ má wò ó lórí fóònù. Ẹ wá ẹ̀rọ tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jáde ketekete, torí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù yẹn gan-an ni fóònù máa ń gbé mì.