Olùkọ́ Ní Kí N Ran Ọmọ Mi Lọ́wọ́, Èmi Kò sì Mọ̀wé Púpọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni mò ń tà ní ọjà Balógun, Mushin sì ni ilé wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló sì máa ń wà títí n ó fi dé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí n máa ràn án lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣé kí n wá tíṣà lẹ́sìn fún un, kí n sì máa fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ bá a sọ̀rọ̀?
— Ìyá Oníbọ́tìnnì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òwò, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì náwó sórí tíṣà lẹ́sìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti jókòó ní kíláàsì láti àárọ̀ kò nílò kíláàsì mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó kù fún un wà nínú ìsọ̀ yín.

Bí ẹ bá mú un lọ sọ́jà ní Sátidé, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ bọ́tìnnì sínú àwo, kí ẹ ní kó ṣa funfun kúrò lára dúdú, kó tún ya oníhò méjì kúrò lára oníhò mẹ́rin, kí ẹ wá jọ kà wọ́n, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Bí ó bá fo ẹ̀fà, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ padà sí àrún, kí ìka rẹ̀ sì máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pè é. Ìṣirò gan-an nìyẹn. (Ẹ ṣọ́ ọ kó má sọ bọ́tìnnì sẹ́nu o.)

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá tó dá ṣáká lẹ́nu yín sàn fún un ju èdè tí ẹ̀yin fúnra yín ń wá kiri. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn tí wọ́n ń kọ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bẹ ìyá yín kí wọ́n máa pàlọ́ fún un lálẹ́. Bí ẹ bá wá ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, ẹ ní kó pa á padà fún yín, kó sọ ohun tí ìjàpá kọ́kọ́ ṣe àti ohun tó tẹ̀lé e.

Bí ìwé àṣetiléwá bá dé, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jókòó tì í, kó sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ, tí olùkọ́ kì í fi í rí ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ náà láìtijú pé Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, kó máa fi ohùn ránṣẹ́ sí yín ní Yorùbá lórí WhatsApp. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Èkó, ẹ ó ti gbọ́ ọ tán kí ẹ tó délé.