Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn bi olórí ìjọ rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀?

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo tún un kà. Ẹ ní olórí yín sọ pé ẹni tó bá ń bi òun ní ìbéèrè, Ọlọ́run lẹni náà ń bá jà, pé kẹ́ ẹ má ka ìwé kankan mọ́ àfi tòun, ìyàwó yín náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ń dá pé ọkàn yín ò gbà á. Lójú tèmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ wà yẹn mo ti wà níbẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n máa ń fi pa èèyàn lẹ́nu mọ́, mo mọ̀ pé wọ́n á ti kà á fún yín láìmọye ìgbà. "Ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi." Ẹ ka Sáàmù 105 yẹn bọ̀ láti òkè, àwọn ọba ìlú tí àwọn Ábúráhámù ti ṣe àtìpó ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe wọ́n níbi, kò sí ọ̀rọ̀ ìbéèrè níbẹ̀ rárá. Dáfídì náà pe Sọ́ọ̀lù ní ẹni òróró Olúwa, òótọ́ ni, kò sì pa á nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ihò àpáta. Àmọ́ nígbà tí Sọ́ọ̀lù sọ ọ̀kọ̀ lù ú ńkọ́, ṣé ó dúró kí ọ̀kọ̀ bà á ni? Ó yẹ̀ ẹ́, ó sì sá. Nígbà tó jáde nínú ihò yẹn ó pe Sọ́ọ̀lù látẹ̀yìn, ó bi í pé kí ló dé tó ń gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé òun ń wá ibi ẹ̀. Ẹni òróró yẹn náà ni wọ́n bi ní ìbéèrè o.

Èkejì ni Hébérù 13:17, pé ká máa gbọ́ràn sáwọn olórí wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 7 orí kan náà ní ká wo ibi tí ìwà àwọn olórí yẹn yọrí sí, ká tó máa fara wé ìgbàgbọ́ wọn. Báwo lèèyàn ṣe máa wò ó tó bá dijú? Pọ́ọ̀lù gan-an, nígbà tó wàásù ní Bèrèà, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn yẹn ń lọ yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bó ṣe sọ ọ́ ló rí, Bíbélì ò pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, ó ní wọ́n níyì ju àwọn ará Tẹsalóníkà lọ ni.

Èyí tó ká mi lára jù lọ wà nínú 1 Àwọn Ọba 13, mi ò sì rántí ìgbà tí mo gbọ́ kí wọ́n fi wàásù ní ìjọ tí mo wà nígbà yẹn. Ọlọ́run rán ènìyàn Ọlọ́run kan láti Júdà lọ sí Bẹ́tẹ́lì, ó ní kò gbọ́dọ̀ jẹun kò gbọ́dọ̀ mumi níbẹ̀. Ọba pè é wá jẹun, ó kọ̀. Wòlíì àgbàlagbà kan wá lé e bá lọ́nà, ó ní wòlíì lòun náà, pé áńgẹ́lì ló bá òun sọ̀rọ̀ pé kó padà wá jẹun nílé òun, irọ́ ló sì ń pa fún un. Ó tẹ̀ lé e lọ, ó jẹ, ó mu, nígbà tó ń padà lọ kìnnìún pàdé ẹ̀ lọ́nà ó sì pa á. Kìnnìún ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó purọ́, òun ló tiẹ̀ tún lọ gbé òkú lọ sin. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ju èyí tóun fúnra ẹ̀ gbọ́ lọ, òun ló kú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn, pé èèyàn lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì ṣùgbọ́n kò lè gbé ìjíhìn rẹ̀ fún onítọ̀hún bá a rù.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tèmi ni mo tó mọ bí èyí ṣe rinlẹ̀ tó. Àtọ̀gbẹ ti wà lára mi láti kékeré, irú èyí tí ara ò lè ṣe insulin, ohun tó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà, fúnra ẹ̀, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, ẹni tó bá dáwọ́ ẹ̀ dúró lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lóru ọjọ́ kan nínú ìsìn, olórí wa kéde pé Ọlọ́run ti wo gbogbo wa sàn, kí ẹni tó bá ní oògùn lọ́wọ́ jù ú dànù kó fi hàn pé òun gbàgbọ́. Wọ́n wá ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri láti ìlà dé ìlà, mò ń gbọ́ bí ike oògùn ṣe ń já lu ara wọn nínú ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó gbé e ò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ọwọ́ mi ó dúró. Olórí wa fúnra ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Mo ní, "Dádì, tí mo bá kú, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi dáhùn níwájú Ọlọ́run?" Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni màá dáhùn, jù ú síbẹ̀." Mo dá abẹ́rẹ́ mi padà sápò. Màmá kan tó wà lẹ́yìn mi ti na oògùn tiẹ̀ síwájú, òun náà bá fà á padà.

Wọ́n yọ mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n kéde látorí pẹpẹ pé ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ wà lára mi, kẹ́nikẹ́ni má bá mi da nǹkan pọ̀. Ọ̀rẹ́ tá a jọ dàgbà, tó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán á yà sí òdìkejì títì. Kò rọrùn o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọkùnrin kan tó ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò pẹ́ kò jìnnà, rọpárọsẹ̀ mú un. Olórí wa ò lọ wò ó, ohun tó sọ fún ìjọ ni pé ìgbàgbọ́ ọkùnrin yẹn ló kéré. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó lóun á dáhùn, orí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló padà di ẹjọ́ lé.

Nígbà tó yá ni mo kà nípa ìdánwò tí Stanley Milgram, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣe ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti 1961. Wọ́n ní káwọn èèyàn máa tẹ bọ́tìnnì tó ń fi iná mànàmáná gbé ẹlòmíì, iná yẹn kì í ṣe òótọ́ àmọ́ wọn ò mọ̀. Nínú 40 ọkùnrin, 26 ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin, 450 volt, torí pé ẹni tó ń darí ìdánwò náà ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹni tó bá sì béèrè pé ta ló máa dáhùn tí nǹkan bá ṣe ẹni yẹn, wọ́n á ní àwọn ló máa dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ fún mi! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi àwọn méjì mìíràn jókòó ti ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì, tí àwọn méjì yẹn kọ̀ lójú ẹ̀, 4 péré nínú 40 ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ìgbà yẹn ni mo rántí màmá ẹ̀yìn mi.

Ní Jonestown, ibùdó tí olórí ìjọ kan, Jim Jones, kó àwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ lọ ní Guyana, ọjọ́ 18 oṣù November 1978, ó ní kí gbogbo wọn mu májèlé kú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Christine Miller dìde lójú gbogbo ìjọ, ó bá Jim Jones jiyàn pé ó yẹ káwọn ọmọdé wà láàyè. Ohùn ẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó yí i ká ló pariwo lé e lórí, kò rí ẹni kan ṣoṣo tó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn. Ó lé ní 900 èèyàn tó kú níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá ti rántí obìnrin yẹn, inú mi kì í dùn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa Kristẹni nìkan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sọ fún mi nípa ọ̀gágun kan láyé Ànábì tó dáná, tó ní kí àwọn ọmọ ogun òun kó sínú ẹ̀ torí pé Ànábì ti ní kí wọ́n gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Wọn ò kó sí i. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní ká ní wọ́n wọ̀ ọ́ ni, wọn ò ní jáde mọ́ láé, pé inú ohun tó dáa nìkan ni ìgbọ́ràn wà. Abu Bakr náà, nígbà tó di olórí lẹ́yìn ẹ̀ ní 632, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ lé òun níwọ̀n ìgbà tóun bá tẹ̀ lé Ọlọ́run àti òjíṣẹ́ rẹ̀, tóun bá ṣìnà kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà.

Àmọ́ ẹ má rò pé mò ń sọ pé kẹ́ ẹ má gbọ́ tẹnikẹ́ni o. Mo mọ àwọn tó bínú kúrò nírú ìjọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wá ń gbé gbogbo ohun tí ẹnì kan bá sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, ọ̀gá lásán ni wọ́n pààrọ̀. Èmi ní pásítọ̀ títí dòní, ó máa ń bá mi wí, mo sì máa ń gbà. Tí mo bá bi í ní nǹkan tí ò mọ̀, á ní òun ò mọ̀, á lọ kà á wá.

Ẹ bi olórí yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó jẹ́ nípa ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ yín, kó má jẹ́ nípa ara ẹ̀. Tó bá ṣí Bíbélì tó ṣàlàyé, àní bí àlàyé yẹn ò bá tiẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣì lè jọ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ èpè ló fi dáhùn, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ ìbéèrè yín lórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ máa wá ibòmíì lọ.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ má bú olórí yẹn lójú wọn, wọ́n á kàn gbèjà ẹ̀ ni. Ẹ ní kẹ́ ẹ jọ ka 1 Àwọn Ọba 13 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, ẹ jẹ́ káwọn náà sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Ó lè gba àkókò. Àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti dórí oògùn ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, ẹ má dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ yín máa ṣọ̀kan, dókítà tó kọ oògùn yẹn ni kẹ́ ẹ pè kí ẹnikẹ́ni tó dáwọ́ ẹ̀ dúró.