Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àlàfo Tó Ń Yọ Láàárín Àwọ̀ Vinyl

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, trace àwòrán ẹyẹ aláwọ̀ márùn-ún (ìyẹn ni pé mo sọ ọ́ di ìlà tí ẹ̀rọ ìgé lè tẹ̀lé), mo sì gé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lára vinyl, ọ̀rá alẹ̀mọ́. Nígbà tí mo tò wọ́n pọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ń hàn láàárín àwọ̀ kan àti èkejì. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Etí sí etí lẹ gé wọn. Kọ̀ǹpútà lè mú etí méjì pàdé láìsí àlàfo, ọwọ́ ẹ̀dá kò lè ṣe é. Tépù tí a fi ń gbé vinyl máa ń fà á díẹ̀, ọwọ́ náà sì máa ń yẹ̀. Ìdajì mìlímítà péré, ojú ti rí i. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ti òkè.

Ẹ padà sí Trace Bitmap, ní Multicolor, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Stack sí. Bí ẹ bá fàmì sí i, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á gbòòrò wọ abẹ́ gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀. Fún àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ó ti tó. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni tiyín: àwọ̀ tó wà lókè pátápátá á jókòó lé ìpele mẹ́rin. Ojú iṣẹ́ á wú, afẹ́fẹ́ á há sí etí ìpele, etí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè.

Ohun tí a fara mọ́ jù ni kí ẹ gbẹ́ ihò sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ etí mìlímítà 1 kù. Ká ní apá búlúù ló wà lórí ara yẹ́lò. Ẹ tẹ Ctrl+D lórí apá náà kó di méjì. Ẹ fi Path, Inset dín ẹ̀dà yẹn kù ní mìlímítà 1 yíká. Iye tó ń dín wà ní Preferences, Behavior, Steps. Ẹ wá mú ẹ̀dà náà àti ara yẹ́lò pọ̀, kí ẹ tẹ Path, Difference. Ẹ̀dà yẹn ni kó wà lókè o, torí ti òkè ló ń gé ti ìsàlẹ̀. Ojú ẹyẹ ńkọ́? Ẹ má gbẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá tó mìlímítà 4 ní fífẹ̀, ihò rẹ̀ kò wúlò.

Ẹ tún fa àwòrán náà sún mọ́ra, kí ẹ wo ààlà àwọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé láàárín yẹ́lò àti búlúù, fọ́tò ló pò wọ́n pọ̀ létí, trace sì kà á sí àwọ̀ gidi. Ẹ pa á rẹ́, tàbí kí ẹ fi Union so ó mọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ á gé e bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ ó sì máa ṣa á jáde bí irun.

Ní ti títò, ẹ ya igun mẹ́rin kékeré méjì sí ìta àwòrán, ibì kan náà lórí gbogbo àwọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ ìpele tó kàn, ẹ fi bébà ẹ̀yìn vinyl bo èyí tó wà nílẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó ń yọ̀ kọjú sókè, kí àmì méjèèjì nìkan hàn. Ẹ lẹ àmì mọ́ àmì, kí ẹ wá máa fa bébà náà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ̀rọ mi ń gé ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ kì í rí àwọ̀, ìlà ló ń tẹ̀lé. Ẹ tẹ View, Display Mode, Outline: ohun tí abẹ máa gé lẹ ó rí. Bó bá jẹ́ Edge detection lẹ fi trace, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà ló mú. Ẹ fi Brightness cutoff, tó wà nínú Trace Bitmap kan náà, tún un ṣe.

Ìbéèrè: Vinyl tí a ń fi iná tẹ̀ mọ́ aṣọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ yí gbogbo ìpele padà bíi ti inú dígí kí ẹ tó gé wọn. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3 ni kí ẹ fi tẹ àwọn ti ìsàlẹ̀. Iná tó pẹ́ ń sún wọn kì, èyí tó kàn kò sì ní bá wọn mu mọ́. Ìpele ìkẹyìn ló ń gba àkókò kíkún tí wọ́n kọ sára vinyl náà. Èyí tó ń dán yinrinyinrin, òkè pátápátá ni kẹ́ ẹ fi sí, torí vinyl mìíràn kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa.