Ẹ Bi Tọ́nà: Kéèsì Harley àtijọ́, ṣé a lè dà á fúnra wa?

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé lórí bíréèkì àti kábúrétọ̀, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló dé lórí kéèsì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ilé alápá méjì tí kíráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọnú ara wọn débi pé n kò lè yà wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Tọ́nà. Baltimore ni mo ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo ń to alùpùpù kan pọ̀ tí mo fẹ́ kó rí bíi Harley ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Knucklehead. Hẹ́ẹ̀dì, sílíńdà àti kíráńkì ti wà nílẹ̀. Kéèsì ló kù. Apá òsì nìkan ni mo rí rà, ó sì ti là níbi tí bóòtù ti mú un mọ́ fúréèmù. Iye tí wọ́n ń pe méjèèjì tó pé ju agbára mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìléru kékeré lẹ́yìnkùlé tó fi ń yọ́ àlúmíníọ̀mù. Ó ní ká tẹ apá òsì yìí mọ́ yanrìn, ká da tuntun, ká sì fi ojú wo ti ọ̀tún ṣe. Ṣé ó lè ṣeé ṣe? (A.K., Maryland)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ lè dà á. Ẹ kò ní lè lò ó.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ fi dùn létí. Àlúmíníọ̀mù dídà ni kéèsì àtijọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Harley ní Milwaukee ṣe é ní gbogbo àsìkò Knucklehead, láti 1936 títí di 1947. Ṣùgbọ́n àlúmíníọ̀mù máa ń súnkì bó ṣe ń tutù. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Wisconsin níbí máa ń ka 5/32 ínǹṣì sí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tó bá jẹ́ ínǹṣì 10 lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, bíi 9.87 ni yóò jẹ́ lára èyí tí ẹ bá dà. Bóòtù fúréèmù kò ní rí ihò rẹ̀ mọ́, ká má tíì dé orí kíráńkì.

Ìṣòro kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ojú tó ń dán lára kéèsì yẹn, ibi tí sílíńdà jókòó sí, ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, inú ihò bẹ́árìn, ẹ̀rọ ló gé wọn lẹ́yìn tí wọ́n dà á tán. Tí o bá tẹ ohun tí wọ́n ti gé mọ́ yanrìn, èyí tó máa jáde kò ní ẹran lára tí ẹ̀rọ yóò tún gé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á ṣe àwòṣe tirẹ̀, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀. Àwòṣe yẹn á fi ìdá 1.3 tóbi ju ti àtijọ́ lọ, á sì fi bíi mìlímítà 3 sanra sí i níbi gbogbo tí ẹ̀rọ máa gé. Àwọn ihò á dí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó lè yọ láì fa yanrìn ya. Inú ilé kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ṣófo, nítorí náà ẹ tún máa mọ yanrìn tó le lọ́tọ̀, tí ẹ ó gbé sáàárín kí ẹ tó da àlúmíníọ̀mù lé e. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti ṣe gbogbo èyí rí, kó kọ̀wé sí mi, mo ní iṣẹ́ fún un.

Àlúmíníọ̀mù tí ẹ máa yọ́ ńkọ́? Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìdàrin ń lò fún irú kéèsì yìí ni àdàlù àlúmíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 356, tí sílíkọ́nì inú rẹ̀ tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, tí mágínísíọ̀mù inú rẹ̀ kò ju bíi 0.3 lọ. Bó ṣe jáde látinú yanrìn, ó ṣì rọ̀. A ní láti gbé e sínú ààrò ní nǹkan bíi 540 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ká rì í sínú omi, ká tún wá yan án ní bíi 155 kó tó le. Ààrò yẹn kò gbọdọ̀ ṣeré: tó bá fi bíi ogún dígírì kọjá 540, inú kéèsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé ojú rí i.

Ká tilẹ̀ ní ẹ borí gbogbo ìyẹn. Ibi tí owó ń lọ ṣì wà níwájú.

Iṣẹ́ kéèsì ni kó mú ìlà mẹ́rin dúró sójú kan, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó. Àkọ́kọ́ ni ìlà kíráńkì, tó la apá òsì àti apá ọ̀tún kọjá. Ìlà kámù gbọ́dọ̀ bá a rìn lọ́gbọọgba. Méjì tó kù ni ti sílíńdà, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ dígírì 45. Nínú Harley, píìnì kan ṣoṣo ni kọ́nrọ́ọ̀dù méjèèjì, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì, dì mú, ọ̀kan lanu, èkejì wọ àárín ẹnu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí sílíńdà iwájú àti ti ẹ̀yìn fi wà lójú ìlà kan náà. Tí ìjókòó sílíńdà kan bá fi ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì dàgẹ̀rẹ̀, písítìn á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ha ògiri ní gbogbo ìgbà tó bá lọ tó bá bọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà á tan o, á dún dáadáa, wàá sì gbé e jáde láti fi yangàn. Kò ní pẹ́ tó fi máa sọ tẹnu ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni ká fi píìnì àti bóòtù de apá méjèèjì pọ̀, ká gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ká gbẹ́ ihò méjèèjì láì tú u. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá kan tí a fi ìpara tó ń jẹ irin kùn á gba òrùka irin tó gba bẹ́árìn mọ́ra ní òsì àti ní ọ̀tún kọjá pa pọ̀, a ó máa yí i títí méjèèjì á fi ṣe déédéé. Ilé iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà kan náà sí abẹ́ apá méjèèjì kí wọ́n má baà fi ọkọ ẹlòmíì fún ìyàwó ẹlòmíì. Èyí tí o rà yẹn, opó ni.

Òrùka yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ooru, àlúmíníọ̀mù ń wú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Ká sọ pé ihò fẹ̀ ní mìlímítà 50, tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná láti 20 dé 100: ihò á fi bíi 0.09 mìlímítà fẹ̀ sí i, òrùka á fi bíi 0.05 péré wú. Tí o kò bá há a ju ìyàtọ̀ yẹn lọ nígbà tó tutù, òrùka á máa yí nínú ihò nígbà tí o bá wà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwa máa ń gbé kéèsì sínú ààrò títí yóò fi dé bíi 150, kí òrùka tó já wọlé fúnra rẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní da nǹkan kan. Ibi tó là yẹn ṣeé jó. Wá wẹ́dà tó ń fi TIG, irú ìjórin oníná mànàmáná kan, jó àlúmíníọ̀mù, tí yóò fọ epo tó ti wọ inú kéèsì yẹn dànù, tí yóò mú gbogbo kéèsì gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí tọ́nà tún ojú ibẹ̀ gé. Wá apá ọ̀tún kún un, kí o sì san owó kí wọ́n gbẹ́ ihò méjèèjì pọ̀. Tí apá ọ̀tún bá ṣòro, S&S Cycle ní Viola, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1958, wọ́n sì ń ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun tó ní ìrísí Knucklehead. Kò ní wọ́n ju èyí tí o bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Nǹkan kan kù tí ọ̀rẹ́ rẹ kò rò. Apá òsì ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ yanrìn láì dí i, nọ́ńbà náà lè tẹ̀ mọ́ ọn. Ka lẹ́tà tó tẹ̀lé èyí.

ÌBÉÈRÈ: Tọ́nà, mo kí i yín. Mo ti fẹ̀yìn tì ní Houston, alùpùpù ni mo fi ń ṣeré báyìí. Mo ra kéèsì tuntun tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́. Mo ní ìwé ọkọ̀ Harley 1947 kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n tẹ nọ́ńbà inú ìwé sára kéèsì tuntun. Ṣé ó burú? (Bàbá Ìbejì, Texas)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Títí di 1969, fúréèmù Harley kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Nọ́ńbà apá òsì kéèsì ni ọkọ̀ náà ń jẹ́ níwájú ìjọba: ọdún ló ṣáájú, irú ẹ́ńjìnnì tẹ̀lé e, bíi 47FL, kí òǹkà tó wá kàn. Ẹni tó bá tẹ 47FL sára àlúmíníọ̀mù tí wọ́n ṣe lánàá ti bí ọmọ tuntun, ó sì ń fi orúkọ òkú pè é fún ẹni tó máa rà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí yíyí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ padà lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún. Ẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tó "sọnù" yẹn ń sáré lábẹ́ ẹlòmíì ní Ohio.

Kéèsì tuntun tó dára ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìwé láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ rísíìtì fúréèmù àti ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ya fọ́tò gbogbo nọ́ńbà kí ẹ tó kun ún lọ́dà, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀. A.K. ní Baltimore, ìwọ náà: kí o tó náwó lórí apá òsì yẹn, jẹ́ kí ọlọ́pàá yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Tó bá mọ́, tí ìwé sì wà, ó níye lórí ju bí o ṣe rò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Ìkòkò àlúmíníọ̀mù ni bàbá mi ń dà n'Ìbàdàn, èmi náà ti ń dà á. Ẹnì kan ní tí a bá lè da kéèsì alùpùpù àtijọ́, àwọn òyìnbó á rà á. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Adàkòkò)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí bàbá. N'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ léèdì, mo sì ti rí bí àwọn adàkòkò ṣe ń tẹ yanrìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé gíga níbí kò lè tẹ yanrìn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kọ́ ni ìṣòro yín, pàǹtí ni. Agolo, férémù fèrèsé, wáyà, písítìn, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ìléru kan náà. Ìkòkò kò bìkítà. Kéèsì á bìkítà: irin tó bá wọ inú àlúmíníọ̀mù ń sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́, ọ̀rinrin inú pàǹtí sì ń di afẹ́fẹ́ tó ń lu ún ní ihò kéékèèké.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kéèsì ṣì dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, ìyẹn ní ọjà nílé. Ẹ ya písítìn àti hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, àwọn nìkan ni kí ẹ yọ́ fún un, nítorí sílíkọ́nì tó ń jẹ́ kí àlúmíníọ̀mù ṣàn dáadáa wà nínú wọn. Ẹ tú gbogbo bóòtù àti òrùka irin kúrò lára wọn. Ẹ yan wọ́n lẹ́nu ìléru kí wọ́n gbẹ kí wọ́n tó wọlé. Tó bá jẹ́ ìkòkò irin lẹ fi ń yọ́ ọ, ẹ fi amọ̀ tó ń gba iná kun inú rẹ̀, kí àlúmíníọ̀mù má baà jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá dà á tán, ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní efun, ẹ da kẹrosíìnì sínú, kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Ibi tí efun bá ti rin láàárọ̀, epo ẹ́ńjìnnì náà á gba ibẹ̀ jáde. Ẹ fọ́ ọ, ẹ tún un yọ́.